Ihò Tí Bíríkìlà Dí

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, ṣùgbọ́n ìró náà kò dákẹ́.

Ìyàwó bíríkìlà kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Àtàárọ̀ ló ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, ẹni tó bá sì jókòó ti ẹ̀rọ láti aago mẹ́jọ, bó bá dìde pàápàá, ariwo rẹ̀ á ṣì máa tẹ̀ lé e kiri inú ilé. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi eyín já òwú, ó tẹ́tí. Nǹkan kan ń kùn nínú yàrá ọmọ rẹ̀. Ó rẹlẹ̀, kò yára, kò sì dúró mí. Ó wọ yàrá náà lọ, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri abẹ́ fèrèsé. Ògiri náà gbóná díẹ̀, ó sì ń gbọ̀n.

"Ẹ gbọ́ ná," ó ké sí ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. "Àwọn agbọ́n yìí mà ti pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ o."

Pé agbọ́n wà níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun. Ògiri yàrá náà lanu díẹ̀ níta, ihò kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, lábẹ́ fèrèsé tó dojú kọ féńsì ilé kejì. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí agbọ́n ti ń gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ jáde, wọn ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni ọkọ rẹ̀ ń ṣèlérí pé òun á dí i. Ẹ má bi mí bóyá bíríkìlà ò lè dí ihò ilé ara rẹ̀ ni. Ẹ lọ wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń rán bàtà.

Ìrẹ́lé ni ọkùnrin náà mọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíríkìlà. Bó bá rẹ́ ògiri tán, tó fi pákó fà á, eṣinṣin tó bá bà lé e á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú. Ihò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ti palẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, òun á ṣì máa rìn kiri, á máa fi ìka wá ibi tí sìmẹ́ǹtì kò dé. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ọ́." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ògiri àti nígbà tí kò bá kàn án, títí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ògiri-ò-lanu.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi wá a, ó sì ti di ọmọ ọdún méje báyìí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eyín rẹ̀ méjì ti yọ níwájú. Kílódé ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ìbéèrè. Kí ló dé tí omi fi tutù? Kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí Tísà ò fi ní irun lórí? Tísà ni bàbá arúgbó inú ilé kejì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó máa ń nàró lẹ́bàá féńsì láràárọ̀ kó lè kí ọmọ náà ní "ìyàwó mi". Bí ọmọ náà bá sì ti dá ọ̀rọ̀ irun sílẹ̀, á ní wàhálà ìyàwó kékeré ló jẹ ẹ́ tán lórí òun.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí gan-an ni agbọ́n kan ta Kílódé ní ìpéǹpéjú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i tí ojú ọmọ náà wú tó sì pa dé, tí omi ń ṣẹ́ jáde lára rẹ̀, inú bí i gidigidi. Ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì.

Ìyá bíríkìlà ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ojú obìnrin náà kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Ó gbọ́ ìró ṣọ́bìrì.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Màmá, mo fẹ́ dí wọn pa ni."

"Ṣé wọ́n wà nínú ẹ̀?"

"Wọ́n á ti wọlé tán nírọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló dáa."

"Ẹni tó bá fẹ́ lé àlejò," ìyá àgbà ní, "ṣe ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Màmá, agbọ́n mà ni o. Kì í ṣe àlejò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ti pọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni èèyàn ń gbé lé àyà. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bà lé ẹnu ihò, tí wọ́n ń nu ojú, tí wọ́n ń wọlé. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọlé, ó bu sìmẹ́ǹtì, ó tì í bọnú, ó tún bu òmíràn lé e, ó sì fà á títí ojú ibẹ̀ fi dà bí ibi tí ihò kò sí rí.

Tísà ti ń wò ó láti òkè féńsì. "Ọwọ́ ẹ mọ́ o, Ògiri-ò-lanu. Irú ihò yẹn wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé tèmi náà."

"Kò le rárá, Tísà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé tán. Ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù síta. Kẹ́ ẹ wá dí i lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ má fi ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀." Ó di sìmẹ́ǹtì gbígbẹ tí kò tíì pò sínú ọ̀rá, ó sì nà án sí bàbá náà. "Ẹ tọ́jú èyí. Ó lè wúlò."

Kílódé wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú tó wú. "Dádì, kí ló dé tí ẹ ò fi jẹ́ kí wọ́n jáde kẹ́ ẹ tó dí i?"

Bàbá rẹ̀ àti Tísà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tísà ti ilé rẹ̀ pa, ó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ní ìlú mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ògiri náà fi kùn. Ní ọjọ́ kìíní, bíríkìlà ní kì í pẹ́ rẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, ó bá Kílódé tó gbé etí lé ògiri, tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Wọ́n ń béèrè ọ̀nà ni," ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ kò lè ránṣọ mọ́. Ó ní bí òun bá tẹ ẹ̀rọ, ògiri á yára. Bí òun bá dẹwọ́, ògiri á dẹwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì Kílódé," ó bẹ̀ ẹ́, "ẹ ṣí i fún wọn." Bíríkìlà mú òòlù àti irin. Ó gbé etí lé ògiri nínú yàrá, ó wá ibi tí ìró náà ti le jù, ó sì lù ú. Búlọ́ọ̀kù funfun ló bá níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ìró náà ti ṣí lọ sí apá òsì. Ó lu apá òsì, ìró lọ sókè. Ó lu òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí òógùn ti bò ó, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ihò mẹ́ta tí òun fúnra òun dá sára ògiri òun.

Ẹlòmíràn ì bá fi ihò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwà ò jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti po sìmẹ́ǹtì mìíràn, ó ti dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti fà wọ́n dán.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jí ọkọ àti ìyàwó. Wọ́n sáré wọ yàrá ọmọ wọn. Lára ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí gan-an, ihò tuntun kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ọmọńdinrín ọmọdé lọ. Inú ni wọ́n ti jẹ ẹ́ wá. Ìyẹ̀fun funfun dà sórí ìrọ̀rí, ó sì wà ní ètè Kílódé, tó ṣì ń sùn.

"Wọ́n ti jáde," ìyàwó náà sọ, ó mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní títì. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì mọ́jú. Bíríkìlà gbọn aṣọ, ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn àpótí ìwé. Kò rí agbọ́n kan, kò rí òkú, kò rí alààyè. Ọmọ náà jí, ó nu ètè rẹ̀, ó wo ìyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì, kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n má pariwo?"

"Àwọn wo?"

Ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ń béèrè búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bíríkìlà dí ihò kékeré náà kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni Kílódé ti bẹ̀rẹ̀ sí sùn lọ́sàn-án. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ kó tó dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń lọ fúnra rẹ̀ báyìí, bí aago kan bá ti ń sún mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni pé kí wọ́n má ti fèrèsé. Inú ìyá rẹ̀ dùn sí i. Oorun ọ̀sán a máa mú ọmọdé sanra, ó sì fún un láyè láti ránṣọ.

Ọjọ́ Sátidé kan, bíríkìlà tètè dé. Oòrùn mú ganrínganrín. Ó yọjú sí yàrá ọmọ rẹ̀ kó lè fi aṣọ bò ó. Ọmọ náà wà ní ìdùbúlẹ̀, ó kọjú sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí aṣọ. Nígbà náà ni agbọ́n kan jáde láti inú ẹnu ọmọ náà, ó dúró lórí ètè ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó nu apá òsì, ó sì fò gba ojú fèrèsé jáde.

Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Wọn ò kánjú, wọn ò ti ara wọn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, bí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ jẹun ọ̀sán, tí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì ń dúró de àwọn.

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn lọ, ó gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ rẹ̀. Àyà náà kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Nínú pálọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ, ìyá ọmọ náà sì ń dá orin kọ.

Ó na ọwọ́ láti pa ẹnu ọmọ náà dé. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Látọjọ́ tó ti dáyé, ohun tó bá lanu ló ń pa dé. Ọwọ́ náà dé ètè ọmọ náà, ó dúró. Bí òun bá dí ibí yìí, níbo ni wọ́n máa gbà wọlé? Imú ni? Àbí ojú? Àbí wọn ò tiẹ̀ ní padà mọ́? Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tó tutù náà mú, ó ń sunkún láìpariwo.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n dé. Wọ́n gba fèrèsé wọlé, wọ́n bà lé ètè, wọ́n nu ojú, wọ́n wọlé. Bí èyí tó kẹ́yìn ti wọlé báyìí, Kílódé mí kanlẹ̀, ó lajú.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí i lẹ́yìn. Ó yọ ọ́ létí, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún fi sí i. "Nǹkan yìí nílò àtúnṣe," ó ní, "ó ń kùn sí mi létí." Lẹ́yìn náà ó ní ara ọmọ náà le koko, kí wọ́n máa fún un ní èso.

Lọ́jọ́ náà, nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà. Obìnrin náà kò pariwo. Ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí tó fi bá a.

"Mo ní kó o ṣílẹ̀kùn. O ò ṣí i. Wọ́n ti fi ọmọ ẹ ṣe ilẹ̀kùn."

"Kí la máa ṣe, màmá?"

"Ká má dí i."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé. Bíríkìlà kò gba iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn mọ́. Bí aago kan bá ti lù, á wà nílé, á jókòó ti bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n á fi dé. Ó ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà tí ìyẹ́ rẹ̀ ya díẹ̀. Ọ̀kan wà tó máa ń pẹ́ dé, tí bàbá máa ń bá wí pẹ̀lú omi lójú bó bá wọlé. Yàtọ̀ sí wákàtí mẹ́ta ọ̀sán yìí, Kílódé ni Kílódé tí wọ́n mọ̀, tó ń fò, tó ń bú sẹ́rìn-ín, tó ń béèrè ìdí tí oṣù fi ń tẹ̀ lé wọn rìn. Àwọn òbí rẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ohun tí èèyàn lè fara dà ni.

Ìyá rẹ̀ ló ṣèèṣì. Ó ń fọ abọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agbọ́n kan bà lé aṣọ fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Sálúbàtà ló fi lù ú. Nígbà tó rántí, agbọ́n náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì ń mì.

Àwọn yòókù dé ní aago mẹ́rin. Ọmọ náà jí. Ó jẹ ìrẹsì, ó mu omi, ó bá bàbá rẹ̀ ṣeré. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu yàrá ẹ̀yìn ni Kílódé fa aṣọ ìyá rẹ̀, tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n má bàa gbọ́ nínú.

"Mọ́mì, ta ni ìyá yìí?"

Ìyá àgbà gbọ́. Òun ló wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun ló kọ́ ọ ní ìrìn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ nínú ilé náà láti ọjọ́ yẹn, nítorí ọmọ náà kò rántí rẹ̀ mọ́ láé.

Nígbà náà ni bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò. Ẹ dákun, bí ẹ bá rí agbọ́n lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kó kọjá. Àwọn èèyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà. "Ògiri-ò-lanu ti di agbẹjọ́rò agbọ́n!" Kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó tún ilé méjì rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣáà lè ṣèlérí. Gbogbo ilé ló dé, àfi ilé kan tó wà ní títì látọjọ́ tí onílé ti rìnrìn àjò. Ilé tó sún mọ́ ọn jù lọ ni.

Tísà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídé kan. Wọ́n gbọ́ ìró ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Bíríkìlà ní òun á lọ kí i ní ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run mọ́ nígbà tí àwọn agbọ́n jáde. Bíríkìlà wo gbogbo wọn lọ. Kò tíì tó wákàtí kan tí ojú ọjọ́ fi yí padà lójijì, tí atẹ́gùn ń lu páànù, tí òjò bọ̀ bí ẹni tó ń bínú. Ó dúró lójú fèrèsé, omi ń dà sí i lára, ó ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì jẹ́ ti fèrèsé náà. Kò rí nǹkan kan níta ju funfun òjò lọ. Agbọ́n kì í fò nínú òjò. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n á ti sá sábẹ́ nǹkan, pé wọ́n gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́rin lù, òjò ti dá. Aago mẹ́rin ààbọ̀ kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ mẹ́ta wé ọmọ náà, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń dú. "Wọ́n ń bọ̀," ni obìnrin náà ń wí. "Ẹ ṣáà sọ fún mi pé wọ́n ń bọ̀."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ohùn kan ní ẹ̀bá féńsì, ohùn tó kún fún ayọ̀.

"Ògiri-ò-lanu! Wá wo iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ!"

Bíríkìlà yọjú. Tísà dúró nínú ẹrẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun dé ìgbọ̀nwọ́.

"Tísà," ó ní, "kí lẹ ṣe?"

"Agbọ́n ni o! Bí òjò ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rọ́ dé, wọ́n ń wọ inú ihò ẹ̀yìnkùlé mi yìí, níwájú fèrèsé ìyàwó mi gan-an. Mo wá rántí ojú ẹ̀ tó wú lọ́jọ́sí. Mo ní rárá o, wọn ò ní ta á lẹ́ẹ̀kejì níṣojú mi. Mo dúró bó o ṣe kọ́ mi. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé tán. Ọ̀kan ń pẹ́ bọ̀, mo dúró dè é." Bàbá náà na ọwọ́ sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. "Sìmẹ́ǹtì tó o fún mi, mo lò ó tán. Ojú abẹ́rẹ́ ò ṣẹ́ kù."

Bíríkìlà kò mọ bó ṣe fo féńsì náà. Ohun tó mọ̀ ni pé òòlù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń lu ibi tí sìmẹ́ǹtì ti tutù. Sìmẹ́ǹtì náà ya lulẹ̀. Búlọ́ọ̀kù funfun ló bá níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó gbé etí lé e. Ìró náà wà lápá ọ̀tún. Ó lu apá ọ̀tún, ìró lọ sísàlẹ̀. Ó lu ìsàlẹ̀. Ó lu ibi gbogbo. Ó ń lù, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń pè wọ́n ní bàbá àti ìyá òun, ó ní ilẹ̀kùn ti ṣí, kí wọ́n jáde, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

"Kí ni mo ṣe?" Tísà ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀, omi ti dé ojú rẹ̀. "Sọ fún mi. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lo ṣe kọ́ mi? Kí ni mo ṣe fún ìyàwó mi?"

Ìyá Kílódé dúró lójú fèrèsé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ejìká, ó dojú ọmọ náà kọ ògiri tó ń wó, ó sì fi ìka méjì di ẹnu rẹ̀ mú kó má bàa pa dé.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ògiri ẹ̀yìnkùlé Tísà ti di òkìtì, àfi apá kan tí kò ga ju àyà lọ. Ọwọ́ bíríkìlà ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbé òòlù sókè, ó sì rí i pé ibi tó kù nìyí. Bí òun bá lu ibí yìí tán, kò ní sí ibòmíràn tí wọ́n lè wà. Apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé etí lé e.

Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Láàárín kíkùn náà, ó gbọ́ ohùn kékeré kan tí kò bẹ̀rù, tí kò bínú, tó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bó ṣe máa ń fẹ́ mọ̀ látẹ̀yìnwá.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ dí i?"